Òdo, òdo, òdo, kí ó tó fò sókè: kí ni òǹkà inú switch ń sọ fún wa?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ onípò másítà ni mí. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé bí a ṣe lè mọ ẹni tó ń lo bandwidth jù nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì SDN, èyí tí ètò kan ń darí láti àárín. Ryu ni controller mi, ìyẹn ètò tó ń darí, mo sì fi Mininet, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àfọwọ́ṣe inú kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀. Mo ń béèrè òǹkà lọ́wọ́ switch, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 síra wọn, àmọ́ iye bytes kàn ń pọ̀ sí i ṣáá ni. Kódà nígbà tí mo dá iperf, ètò tó ń rán dátà fún ìdánwò, dúró, kò wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa yọ iye ìṣáájú kúrò nínú ti ìsinsìnyí, ìyẹn sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wá gbé e lọ sórí switch gidi tí ẹ̀ka wa ní, tí mo ń béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo rí ni òdo, òdo, òdo, lẹ́yìn náà iye kan tó ju agbára port (ihò tí a ń ki wáyà sí) náà lọ. Ṣé switch náà ti bàjẹ́ ni? Àbí kí n máa béèrè lemọ́lemọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Olùkọ́ mi ní kí n fi OpenFlow tí mo fi ń béèrè òǹkà sílẹ̀, kí n lo sFlow, ọ̀nà mìíràn.”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ìforítì. Kí n ti orí èyí tó ń bà yín lẹ́rù jù bẹ̀rẹ̀: switch yín kò bàjẹ́. Ohun tí ẹ rí yẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kúrò lórí Mininet bọ́ sórí switch gidi ló máa ń rí i. Ìbéèrè mẹ́ta ló so kọ́ra nínú lẹ́tà yín: kí ni iye tí switch fi ránṣẹ́ jẹ́, ìgbà wo ni wọ́n kà á, àti irinṣẹ́ wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó ń lo bandwidth jù. Bí a kò bá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá sáré pa OpenFlow tì lọ́la nítorí sFlow, ìdààmú yìí náà lẹ máa bá lọ́hùn-ún.

Nínú SDN, controller ló ń pinnu ọ̀nà tí packet, ìyẹn ègé dátà, máa gbà. Iṣẹ́ switch ni láti gbé e kọjá. OpenFlow, tí àwọn olùwádìí ní Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2008, ni èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀dà 1.3 tó jáde ní 2012 sì ni simple_switch_13 àti simple_monitor_13, àwọn kódù àpẹẹrẹ Ryu, ń sọ. Inú switch ni òǹkà wà: ti port, ti flow (òfin tó sọ ohun tí switch máa fi irú packet kan ṣe), ti table (àtẹ tí flow wà nínú rẹ̀), ti queue, àti àwọn mìíràn. Àwọn òǹkà yìí kì í sọ bí dátà ṣe ń yára tó. Àpapọ̀ ohun tó ti kọjá láti ìgbà tí port ti dìde tàbí tí flow ti wọlé ni wọ́n ń sọ, bíi mítà iná tó wà lára ògiri: bí ẹ bá pa gbogbo iná ilé, nọ́ńbà ojú rẹ̀ kò ní padà sẹ́yìn, yóò dúró síbi tó dé ni. Ìdí nìyẹn tí iye bytes yín kò fi wálẹ̀ nígbà tí iperf dáwọ́ dúró. Ọ̀rẹ́ yín tọ̀nà. Ẹ yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìsinsìnyí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8 kí bytes lè di bits, kí ẹ wá fi àkókò tó wà láàárín ìkà méjèèjì pín in.

Ọ̀rọ̀ àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Mo fura pé 10 lẹ fi ń pín in, nítorí pé hub.sleep(10) ló wà nínú kódù àpẹẹrẹ Ryu. Ṣùgbọ́n controller lè ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí 10 bá pé, ìbéèrè lè dúró lórí ìlà, switch fúnra rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó dáhùn; àlàfo tí ẹ pè ní 10 lè jẹ́ 9.7 tàbí 10.6. Nínú OpenFlow 1.3, ìdáhùn nípa port àti nípa flow máa ń gbé duration_sec àti duration_nsec, iye àkókò tí port tàbí flow ti wà, wá láti ọ̀dọ̀ switch. Ìyàtọ̀ àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ fi pín, ẹ má ṣe fi aago controller pín in. Wọ́n tún wúlò fún nǹkan mìíràn: bí duration bá kéré sí ti ìṣáájú, a jẹ́ pé wọ́n ti pa flow náà rẹ́, wọ́n sì tún un kọ, òǹkà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ ju àlàfo yẹn nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa rí ìyára tó wà nísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá sì rí 18446744073709551615 níbikíbi, kì í ṣe iye packet. Bí OpenFlow ṣe ń sọ pé “èmi kì í tọ́jú òǹkà yìí” nìyẹn. Mo ti rí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ro iye yẹn mọ́ àwọn packet tó jábọ́, tí àwòrán náà sì dà bíi pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbogbo ti wó.

Ó wá ku òdo, òdo, òdo yẹn. Nínú switch gidi, chip kan wà tó ń gbé packet kọjá, tó sì ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Chip yìí kì í fàsẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni CPU kékeré kan wà tó ń bá controller sọ̀rọ̀, agbára rẹ̀ kì í sábà tó ti laptop tí ẹ fi ń kọ kódù. Nígbà tí ìbéèrè yín bá dé, ọ̀pọ̀ switch kì í lọ wo ojú chip lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kíka òǹkà ẹgbẹẹgbẹ̀rún flow jáde láti inú chip máa ń gba àkókò. Ẹ̀dà òǹkà ni wọ́n ń tọ́jú sí ọ̀dọ̀ CPU, tí wọ́n á máa tún kọ lóòrèkóòrè, ẹ̀dà yẹn ni wọ́n sì fi ń dá yín lóhùn. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń tún un kọ. Bí ẹ bá ń béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, iye kan náà lẹ máa gbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, òdo mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá wá béèrè lẹ́ẹ̀karùn-ún, dátà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin á dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì pín in bíi pé ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ló gbé e. Port 1 Gb/s tó ń gbé 600 Mb/s jẹ́ẹ́jẹ́ á wá dà bíi pé ó gbé 2.4 Gb/s. Packet kankan kò sọnù, ọ̀kankan kò sì lé. Ìgbà tí wọ́n kà á ni kò bá ìgbà tí ẹ rò mu. Duration kò sì lè gbà yín níbí, torí pé switch lè ṣírò duration ní àkókò tó ń dáhùn, kí bytes tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti pẹ́.

OpenFlow kò fi dandan lé iye àkókò tí switch gbọ́dọ̀ fi tún ẹ̀dà náà kọ. Ọwọ́ ẹni tó ṣe switch ló wà. Òdo mẹ́ta tí ẹ kọ sínú lẹ́tà ń tọ́ka sí nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lẹ́nu mi, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi iperf rán UDP tí iye rẹ̀ kì í yí padà, kí a sọ pé 50 Mb/s, gba inú port kan. Ẹ béèrè òǹkà port yẹn nìkan lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì kọ àkókò tí iye náà yí padà sílẹ̀. Àlàfo láàárín ìyípadà kan àti èkejì ni ohun tí ẹ ń wá. Ẹ ṣe ti flow lọ́tọ̀, torí pé ti port àti ti flow kì í fi dandan bára mu lórí switch kan náà. Lẹ́yìn èyí, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí switch bá ń tún ẹ̀dà kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá 4, tí ẹ sì ń béèrè ní 10, àṣìṣe tó lè wọnú ìyára tí ẹ ṣírò lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 20, ó di 20. Ní 40, ó di 10. Ẹ rí i pé òdìkejì ohun tí ẹ ń gbèrò ni ìwòsàn rẹ̀: ẹ fa àlàfo gùn, ẹ má ṣe fún un pọ̀.

Kí ló dé tí Mininet kò fi irú èyí hàn yín? Nítorí pé Open vSwitch ni switch ibẹ̀, kernel kọ̀ǹpútà yín ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Òǹkà port ń wá tààrà láti ara interface. Síbẹ̀ òǹkà flow tiẹ̀ náà ń pẹ́ díẹ̀. Àwọn thread tí wọ́n ń pè ní revalidator ló ń kó iye láti ìsàlẹ̀ wá sínú àtẹ OpenFlow, nǹkan bíi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n sì fi ń dúró kí wọ́n tó tún yípo, bí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ béèrè flow lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí Mininet, òdo yẹn á yọjú níbẹ̀ náà. Ohun mìíràn tún wà tó ń da iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rú ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Linux máa ń rán TCP gba inú wáyà àfọwọ́ṣe Mininet ní odidi ńlá tó lè tó 64 KB láì gé e sí wẹ́wẹ́, nítorí náà iye packet tí ẹ rí kéré gan-an sí èyí tí wáyà gidi ìbá gbé. Bí iye packet bá ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ yín, ẹ fi ethtool -K pa tso, gso àti gro, àwọn ohun tó ń kó dátà pọ̀ di odidi ńlá bẹ́ẹ̀, lórí gbogbo interface. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa wọ́n, ẹ má jáyà bí switch bá sọ iye tó ju ti iperf lọ: iperf ń ka ohun tí TCP gbé nìkan, switch ń ka gbogbo fíréèmù. Bytes 1448 ti iperf di 1514 lójú switch, nítorí náà 100 Mb/s á di nǹkan bíi 104.6. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

Nípa bíbéèrè lemọ́lemọ́, yàtọ̀ sí pé kò wúlò, ó ń náni. Flow tí simple_switch_13 ń kọ máa ń gba bytes 104 nínú ìdáhùn OpenFlow 1.3: 48 fún òǹkà àti àwọn ohun tó bá a rìn, 32 fún match (àwọn àmì tí flow fi ń dá packet mọ̀), 24 fún ohun tí switch máa fi packet ṣe. Bí flow 10,000 bá wà, switch kan á fi ohun tó ju megabyte kan lọ ránṣẹ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ju 8 Mb/s lọ lórí ọ̀nà tí controller fi ń darí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, fún switch kan péré. CPU kékeré yẹn ló sì máa kó gbogbo rẹ̀ jọ, òun kan náà tó yẹ kó máa rán packet tuntun sí controller kó sì máa kọ flow tuntun. Mo ti dé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ráhùn pé ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ń pẹ́ kó tó ṣí. Nígbà tí a fa àlàfo ìbéèrè òǹkà gùn, ìráhùn náà tán. Ìwọ̀n ohun tó wà nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ OpenFlow kan kò lè ju bytes 65,535 lọ, nítorí náà flow 10,000 á dé ní ègé 16, ó kéré tán. Ryu á pe kódù yín fún ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo OFPMPF_REPLY_MORE, àmì tó ń sọ pé ègé mìíràn ṣì ń bọ̀, kí ẹ tó parí ìṣirò, kí ẹ má baà ka ègé àkọ́kọ́ tán kí ẹ ní àwọn flow tó kù ti kú. Port ní tirẹ̀ fúyẹ́: bytes 112 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, switch oníport 48 kò sì ní ju 5,376 lọ. Ẹ lè béèrè port déédéé, kí ẹ béèrè flow lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ta ló ń lo bandwidth jù? Ìyẹn ni iṣẹ́ yín gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró lé e lórí dáadáa. Flow simple_switch_13 ń wo port tí packet gbà wọlé àti àdírẹ́sì MAC méjèèjì, ti ẹ̀rọ tó rán an àti ti èyí tó máa gbà á. Ó lè sọ pé ẹ̀rọ yìí rán iye báyìí sí ẹ̀rọ yẹn. Kò lè sọ bóyá fídíò ni tàbí ìméèlì. Gbogbo ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn router, MAC kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti IP, àfi kí ẹ kọ IP sínú match. Bí ẹ bá fẹ́ ti ètò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà TCP tàbí UDP gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bí ẹ ṣe ń ya á wẹ́wẹ́ tó ni flow ń pọ̀ tó, TCAM, ibi ìpamọ́ flow inú switch gidi, sì wọ́n, kì í sì í gba púpọ̀. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn lè gbà. Ọ̀nà àárín kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an tí àwọn ènìyàn kì í sábà lò: ẹ fún flow àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan ní cookie (nọ́ńbà tí controller fi ń sàmì sí flow) kan náà, kí ẹ sì béèrè aggregate, ìyẹn àpapọ̀ òǹkà, pẹ̀lú cookie yẹn. Switch fúnra rẹ̀ á ṣe àròpọ̀, yóò sì dá yín lóhùn pẹ̀lú packet, bytes àti iye flow, láì tú gbogbo àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ tún ṣọ́ra fún kíkà ní ìlọ́po. Flow tó gba inú switch mẹ́ta kọjá á hàn nínú òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti switch tí ẹ̀rọ náà so mọ́ nìkan ni kí ẹ kà. Bí ẹ̀rọ kan bá sì dá wà lórí port rẹ̀, òǹkà port ti tó, ẹ kò nílò ti flow rárá. Ojú switch ni a fi ń wo rx (ohun tó wọlé) àti tx (ohun tó jáde): ohun tí ẹ̀rọ rán jáde ni rx port rẹ̀, ohun tó gbà sì ni tx.

Àwọn flow kúkúrú tún wà, tí wọ́n á bí tí wọ́n á sì kú kí ẹ tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. simple_switch_13 kò fún flow ní idle_timeout (àkókò tí flow máa fi wà láìrí packet kó tó kú), nítorí náà kò tíì ṣẹlẹ̀ sí yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í sí i, ẹ fi OFPFF_SEND_FLOW_REM sí i pẹ̀lú, kí switch lè fi iye ìkẹyìn ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí flow bá ń lọ. Ìyẹn ni ìkà tó kéré jù ní ìnáwó nínú gbogbo OpenFlow. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gba fáìlì ńlá fún wákàtí méjì kò ní yọjú títí yóò fi parí.

Olùkọ́ yín kò sọ ohun tí kò dára. sFlow, tí RFC 3176 ṣàlàyé rẹ̀ ní 2001, kì í dúró de ìbéèrè: switch á mú packet kan nínú iye kan, bóyá ọ̀kan nínú 1,000, yóò sì fi orí rẹ̀, ibi tí àdírẹ́sì wà, ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú òǹkà port lóòrèkóòrè. Nítorí pé orí packet ló ń rán, ẹ máa rí IP àti nọ́ńbà TCP láì kọ flow kan ṣoṣo sínú TCAM. Open vSwitch náà mọ̀ ọ́n, ẹ lè dán an wò lórí Mininet. Àmọ́ ìfojúbù ni, kì í ṣe ìkà. Àṣìṣe rẹ̀ dúró lórí iye àpẹẹrẹ tí ẹ rí gbà fún ohun tí ẹ ń wò: pẹ̀lú àpẹẹrẹ 100, ó lè tó nǹkan bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀, pẹ̀lú 10,000, ó di nǹkan bíi 2. Ẹni tó ń lo bandwidth jù ló máa ní àpẹẹrẹ púpọ̀ jù, nítorí náà sFlow dára gan-an fún ìbéèrè yín. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá rán packet 200 péré nígbà tí ẹ ń mú ọ̀kan nínú 1,000, ní nǹkan bíi ìgbà 8 nínú 10 ẹ kò ní rí i rárá. Bí iṣẹ́ yín bá máa yí padà lọ́la sí wíwá ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé, ẹ má gbára lé e nìkan.

Bí èmi bá ni mo wà nípò yín, n kò ní yan ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀. Màá fi òǹkà port OpenFlow mọ wáyà tó kún, ní àlàfo tí ìwọ̀n tí ẹ ṣe lórí switch yín bá fara mọ́. Màá fi sFlow mọ ẹni tó kún un. Màá wá kọ flow pẹ̀lú cookie fún àwọn díẹ̀ tí sFlow bá tọ́ka sí, kí iye tó máa wọ ìwé lè jẹ́ ìkà gidi. Ohun tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè fún yín ni ìdádúró packet lójú ọ̀nà. Òǹkà kì í mọ ìgbà tí packet kan ṣoṣo kọjá. Ti packet tó sọnù náà gba ìṣọ́ra: ẹ lè fi tx switch kan wé rx ti èkejì, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ka àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, packet tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà àti èyí tí ẹ̀dà CPU kò tíì kọ á jọ èyí tó sọnù. Ẹ dúró kí dátà dákẹ́ kí ẹ tó kà á. Nínú orí tí ẹ ti máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe wọn nǹkan, ẹ kọ orúkọ switch, ẹ̀dà OpenFlow, àlàfo tí ẹ fi béèrè, àlàfo tí switch fi ń tún òǹkà rẹ̀ kọ, àti bóyá tso wà ní títàn tàbí pípa. Àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ náà wò á mọ ibi tí iye kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹ̀yin náà á sì lè dáhùn bí wọ́n bá béèrè ìdí tí ti Mininet àti ti switch gidi kò fi bára mu.